Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè parí géèmù kan kí gbèdéke tó pé

Ohun tó ń ba iṣẹ́ géèmù jẹ́ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kì í sábà jẹ́ pé wọn ò mọ kóòdù kọ. Ìsopọ̀ tó pẹ́ ni. Ẹnì kan á lọ yàwòrán, ẹnì kan á lọ kọ òfin eré, ẹnì kan á jókòó ti ohùn, oníkálukú á máa sọ lórí WhatsApp pé tòun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, títí á fi ku ọjọ́ méjì. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan, tí wọ́n á rí i pé àwòrán tóbi ju ojú ẹ̀rọ lọ, pé kóòdù ẹnì kan ń ka nǹkan láti 1 nígbà tí ti ẹnì kejì ń kà á láti 0, pé Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kẹta kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Ọ̀rọ̀ á wá di bó ò lọ o yà fún mi. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa irú iṣẹ́ yìí kò kọjá pé kí ẹ so ó pọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí ẹ sì máa so ó pọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan dání. Ẹ jẹ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ní. Méjì nínú láàpútọ́ọ̀pù yín ní RAM 4GB péré, dátà ò pọ̀, iná ò dúró. Géèmù tí ẹ fẹ́ ṣe ni ayò ọlọ́pọ́n: kí èèyàn méjì lè ta á lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí èèyàn sì tún lè bá kọ̀ǹpútà ta á.

Ìdí tí mo fi mú ayò ni pé gbogbo ipò tí eré wà kò ju nọ́ńbà 15 lọ: iye ọmọ tó wà nínú ilé 12, iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti jẹ, àti ẹni tó kàn láti ta. Kò sí ọ̀tá tí ẹ máa yà, kò sí ìlú tí ẹ máa kọ́, kò sí ohun tó ń já bọ́ láti òkè. Síbẹ̀, ohun tí olùkọ́ ń wá wà nínú rẹ̀ pátá, láti orí òfin tó yẹ kó pé dórí kọ̀ǹpútà tó ń ronú. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ tó ní òun fẹ́ ṣe géèmù tí akọni ń rìn káàkiri. Bí akọni yìí bá ń kọjú sí ọ̀nà mẹ́rin, tí ìrìn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba àwòrán 8, àwòrán 32 ni wọ́n máa yà kó tó lè rìn lásán. Bó bá tún máa jà, 32 mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò gbé e. (Bó bá jẹ́ pé géèmù tó ń rìn ni olùkọ́ kúkú ní kí ẹ ṣe, ẹ má gbàgbé delta, ìyẹn iye àkókò tó kọjá láàrin férémù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ẹ ní kó sún píksẹ́lì 5 ní férémù kọ̀ọ̀kan á sún 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ojú ẹ̀rọ 60 Hz, á sún 720 lórí ti 144 Hz, géèmù yín á sì di eré sísá lórí kọ̀ǹpútà olùkọ́.)

Irinṣẹ́ tí mo máa ní kí ẹ lò ni Godot 4. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀, kò sì ní ìnstọ́ọ̀lù kankan: ẹ tú fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣí. Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó máa bi yín irú renderer (ọ̀nà tó máa gbà yàwòrán sójú ẹ̀rọ) tí ẹ fẹ́; ẹ mú Compatibility, torí òun ló máa ṣiṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo dáńlóòdù rẹ̀ sórí fláàṣì, kí àwọn yòókù gbà á níbẹ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀yà má bàa yàtọ̀ rárá. Kí onítọ̀hún dáńlóòdù export templates mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Òun ni Godot ń lò láti sọ iṣẹ́ yín di ohun tó dá dúró, ó tóbi ju Godot fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti Godot mu régí. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn kó tó wá a, orí dátà ni wọ́n á sùn sí.

Òfin kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀

Ayò kò rí bákan náà níbi gbogbo, ẹ̀yin fúnra yín sì lè má ta á bákan náà. Ẹ jókòó ti ọpọ́n gidi fún wákàtí kan, kí ẹ kọ òfin yín sórí abala ìwé kan. Kí ẹ tó dìde, ẹ gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò lórí gbogbo ohun tó lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ní ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Apá ọ̀tún là ń ta sí. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sílé ẹni kejì, tí ọmọ tó wà níbẹ̀ di 2 tàbí 3, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sì máa jẹ padà sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tí ilé tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ ti ẹni kejì, tó sì jẹ́ 2 tàbí 3. Bí odù, ìyẹn ilé tí ọmọ ti pọ̀ sí, bá ti kún tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fo ilé tí ẹ ti kó o nígbà tí ẹ bá yípo dé ibẹ̀. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. 24 sí 24, ọ̀mì.

Èyí tó le wà lẹ́yìn ìyẹn. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí títa kan bá máa jẹ gbogbo ọmọ tó kù nílé ẹni kejì? Àwọn kan ní èèwọ̀ ni, àwọn kan ní ẹ lè ta á ṣùgbọ́n ẹ kò ní jẹ nǹkan kan. Bí ilé ẹni kejì bá ti ṣófo, ṣé ó di dandan kí ẹ ta èyí tó máa fún un lọ́mọ? Bí kò bá sí irú rẹ̀, ta ló ni ọmọ tó kù? Bí ọmọ méjì péré bá wá ń lé ara wọn yípo ọpọ́n láì dáwọ́ dúró, ìgbà wo lẹ máa dá a dúró? Kọ̀ǹpútà ò ní tijú, á tà á di ọ̀la. Òfin tó rọrùn jù ni pé bí ipò kan náà bá yọ nígbà kẹta, kí oníkálukú kó ọmọ ilé rẹ̀. Èyí tí ẹ bá mú kò ṣe pàtàkì tó pé kí ẹ mú un, kí gbogbo yín sì mọ̀ ọ́n. Abala ìwé yẹn ló máa wọ ìròyìn iṣẹ́ yín nígbẹ̀yìn.

Fáìlì tí kò mọ ojú ẹ̀rọ

Fáìlì òfin gbọ́dọ̀ dá wà. Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé àwòrán wà, kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ohùn wà, kò gbọdọ̀ mọ máúsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ fún un ní nọ́ńbà ilé, kó dá ipò tuntun padà fún yín. Ilé 0 sí 5 ni ti ẹni àkọ́kọ́, láti òsì sí ọ̀tún. 6 sí 11 ni ti ẹni kejì, ó ń padà bọ̀ lókè. opon ni àkójọ iye ọmọ tó wà nínú ilé méjèèjìlá. Títa fúnra rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
func ta(ile: int) -> int:
	var owo = opon[ile]
	opon[ile] = 0
	var i = ile
	while owo > 0:
		i = (i + 1) % 12
		if i == ile:
			continue
		opon[i] += 1
		owo -= 1
	return i
```

Jíjẹ rè é (ile_enikeji ni func kékeré tí ẹ máa kọ láti sọ bóyá ilé kan jẹ́ ti ẹni kejì sí ẹni tó ń ta):

```
func je(i: int, eni: int) -> int:
	var ere = 0
	while ile_enikeji(i, eni) and (opon[i] == 2 or opon[i] == 3):
		ere += opon[i]
		opon[i] = 0
		i = posmod(i - 1, 12)
	return ere
```

Ẹ wo posmod yẹn dáadáa, òun ló ń sọ -1 di 11, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe kan máa ń fara pamọ́ sí. Ká ní ẹ kàn kọ i - 1 síbẹ̀. Ẹni kejì ń jẹ nílé ẹni àkọ́kọ́, ó jẹ padà sẹ́yìn títí ó fi dé ilé 0, ó tún yọ 1 kúrò, ó di -1. Nínú GDScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù Godot, opon[-1] kì í fa àṣìṣe. Nǹkan tó wà ní ìparí àkójọ ló ń mú wá, ìyẹn ilé 11, tó jẹ́ ilé ẹni kejì fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó kọ ile_enikeji bá wá kọ ọ́ pé nọ́ńbà tó bá ti kéré sí 6 jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́, -1 kéré sí 6, ó wọlé. Ẹni kejì á wá jẹ ọmọ ara rẹ̀. Kò sí ohun pupa kankan tó máa yọ lójú ẹ̀rọ. Ìgbà tí ilé 0 bá jẹ́ 2 tàbí 3, tí ilé 11 náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ lè ta ayò fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ má rí i, kó wá yọ níwájú olùkọ́.

Ohun tó ń mú irú èyí ni ìdánwò, ti ayò sì rọrùn láti kọ. Àkọ́kọ́ ni pé lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó wà lórí ọpọ́n pẹ̀lú èyí tí ẹni méjèèjì ti jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 48. Ẹ fi assert sí i, kí géèmù dúró lójú ẹsẹ̀ bí kò bá pé. Ìyẹn á mú gbogbo ibi tí ọmọ ti sọnù tàbí tó ti bí sí i, ṣùgbọ́n kò ní mú jíjẹ ilé ara ẹni, torí iye ṣì pé. Fún ìyẹn, ẹ to ọpọ́n kalẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì ka ọmọ tó bá ṣẹ́kù nínú 48 sí èyí tí wọ́n ti jẹ.

Ẹ fi ọmọ 3 sílé 5, 2 sílé 6, 1 sílé 7, 1 sílé 8, kí ẹ fi 4 sílé 11 kó má bàa di pé ẹ jẹ gbogbo ọmọ ẹni kejì tán. Ẹ ta ilé 5. Ilé 6 di 3, 7 di 2, 8 di 2, ẹ sì jẹ 7 lápapọ̀. Ẹ tún un tò, ṣùgbọ́n kí ilé 7 ní 3 lákọ̀ọ́kọ́: ó di 4, ọ̀nà gé síbẹ̀, 2 tó wà nílé 8 nìkan lẹ jẹ, ilé 6 ò mì. Ti odù náà ńkọ́? Ẹ fi 12 sílé 0, kí ìyókù ṣófo. Mọ́kànlá á lọ sílé 1 dé 11, á fo ilé 0, èyí tó kù á bọ́ sílé 1, tó máa di 2. Bí ilé 0 bá ní ọmọ kankan nínú lẹ́yìn ìyẹn, continue yẹn kò ṣiṣẹ́. Ìkẹyìn ni ti ilé 0 àti 11 tí mo sọ lókè. Ìdánwò mẹ́rin péré, ẹni tó ń kọ òfin lè parí wọn kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tó tán, kí ó sì máa ṣe wọn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan fáìlì náà.

Kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní yẹn tó parí, ẹ fi bọ́tìnnì 12 sójú ẹ̀rọ, kí nọ́ńbà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èèyàn lè tẹ̀ wọ́n, kó sì ta ayò títí ẹnì kan fi borí. Kò sí àwọ̀, kò sí ohùn, kò sí ọpọ́n. Kó burẹ́wà, kó ṣáà ṣeé ta dé òpin. Láti ọjọ́ yẹn lọ ẹ ti ní géèmù tí ẹ lè fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ bí ayé bá yí padà, gbogbo ohun tó kù sì jẹ́ àfikún.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń pàdé

Ẹ lo Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí oníkálukú ṣe, tó sì ń pa wọ́n pọ̀. Fífi fódà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí orúkọ rẹ̀ ń di ayo_final, ayo_final2, ayo_final_gidi, ni iṣẹ́ ẹlòmíràn fi ń sọnù. Àmọ́ Git náà ní ibi tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ fún Godot. Fódà .godot gbọ́dọ̀ wà nínú .gitignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Git kò gbọdọ̀ kó, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bó bá sì wọlé, ojoojúmọ́ ni ẹ máa máa jà lé e lórí. Àwọn fáìlì tó ní .import ní ìparí orúkọ wọn ní tiwọn gbọ́dọ̀ wọlé, torí inú wọn ni ètò àwòrán àti ohùn wà. GitHub, ibi tí ẹ máa gbé iṣẹ́ Git yín sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba fáìlì kan tó ju 100 MB lọ, nítorí náà fídíò ìfihàn yín kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni fáìlì .tscn, ibi tí Godot ń tọ́jú scene (apá kan géèmù tó dá dúró) sí. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, Git sì lè gbìyànjú láti pa iṣẹ́ ẹni méjì pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dà á rú, Godot ò ní ṣí i mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ tún un ṣe lóru. Òfin tó ń gba ẹgbẹ́ là ni pé ẹni méjì kò gbọdọ̀ ṣí scene kan náà lọ́sẹ̀ kan náà. Ẹ gé géèmù sí wẹ́wẹ́: scene ọpọ́n, scene ilé kan, scene ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, scene èsì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń bójú tó o. Fáìlì project.godot náà, kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é.

Pípín iṣẹ́ márùn-ún tó máa ń bá ayò mu: ẹnì kan mú òfin àti ìdánwò, ẹnì kan mú ọpọ́n àti bí ọmọ ṣe ń rìn, ẹnì kan mú kọ̀ǹpútà tó ń ta, ẹnì kan mú àwòrán, ohùn àti ọ̀rọ̀, ẹnì karùn-ún sì ni ẹni tó ń kó géèmù jọ. Ipò karùn-ún yìí ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ máa parí. Òun ló ń rí i pé main, ìyẹn ẹ̀dà géèmù tí gbogbo yín jọ ń lò nínú Git, ń ṣí lálaalẹ́. Òun ló ń ṣe export lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, tó ń gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní Godot rárá láti wò ó. Bí main kò bá ṣí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan tuntun kún un títí tó fi máa ṣí. Àwọn yòókù, kí wọ́n pull (kí wọ́n gba iṣẹ́ tuntun) kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n push (kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́) kí wọ́n tó sùn, bó tiẹ̀ jẹ́ ìlà kóòdù 10 ni wọ́n kọ.

Bí dátà bá tán, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Àṣẹ yìí, git bundle create ayo.bundle --all, á di gbogbo ìtàn iṣẹ́ yín sínú fáìlì kan tó lè wọ fláàṣì. Ẹni tó gbà á á pull láti inú rẹ̀ bí ẹni pé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Kí oníkálukú fi orúkọ ara rẹ̀ sí user.name nínú ètò Git lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ lè tẹ git shortlog -sn, kó rí iye ìgbà tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ sínú Git. Ẹni tó yàwòrán 20 tó wá ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó bá òun gbé e sí i, orúkọ rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ rárá, ìyà tí kò tọ́ sí i ló máa jẹ.

Ọmọ ayò tó ń rìn

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní apá yìí ni kí ẹ jẹ́ kí ìrìn ọmọ lójú ẹ̀rọ jẹ́ ìṣirò fúnra rẹ̀: ọmọ kan bọ́, ẹ fi 1 kún ilé, ọmọ kejì bọ́, ẹ tún fi 1 kún un. Bí ẹni tó ń ta bá wá tẹ ilé mìíràn kí ọmọ tó bọ́ tán, ìṣirò á dàrú, 48 á di 47. Ẹ jẹ́ kí fáìlì òfin parí títa náà lẹ́ẹ̀kan, kó dá àkójọ ohun tó ṣẹlẹ̀ padà: ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, lẹ́sẹẹsẹ, àti ilé tí a jẹ. Ojú ẹ̀rọ á wá máa fi hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú create_tween àti await tween.finished, ìṣẹ́jú àáyá 0.15 sí 0.2 fún ọmọ kan. Ẹ ti gbogbo bọ́tìnnì pa títí yóò fi parí. Bí odù 15 bá ń bọ́ ní 0.2, ìṣẹ́jú àáyá 3 nìyẹn, ó ti ń sú èèyàn. Ẹ jẹ́ kí títẹ máúsì lẹ́ẹ̀kan sí i mú un yára.

Ohùn ni ó rọrùn jù. Ẹ fi fóònù gba ohùn ọmọ ayò gidi bó ṣe ń bọ́ sínú ọpọ́n gidi, nínú yàrá tí fáànù kò ti ń dún, ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí géèmù máa mú ọ̀kan láìtò. Ohùn kan ṣoṣo tó ń tún ara rẹ̀ sọ máa ń dà bí ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. WAV fún ohùn kúkurú, OGG fún orin. Ohun tí ẹ bá sì gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka àṣẹ ìlò rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá lójú ẹ̀rọ nílò ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì géèmù ọ̀fẹ́ kò ní ẹ, ọ, ṣ, ibẹ̀ á wá di àpótí òfìfo. Ẹ lo Noto Sans, kí ẹ sì tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ géèmù yín sí ojú ewé kan láti wò wọ́n kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ohun kejì ni pé kò sí lẹ́tà ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ọ tó ní àmì ohùn lórí. Lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì kan ni. Ọ̀ta ní lẹ́tà mẹ́ta lójú yín, ṣùgbọ́n length(), tó ń ka lẹ́tà ọ̀rọ̀ nínú kóòdù, á sọ pé 4 ni. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì á máa yọ lẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀. Àti pé ọ kan náà lè jẹ́ lẹ́tà kan lórí kíbọọ̀dù ẹnì kan, kó jẹ́ o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lórí ti ẹlòmíràn. Ojú rí wọn bákan náà, kọ̀ǹpútà ní wọn ò dọ́gba. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe orúkọ fáìlì tàbí kọ́kọ́rọ́ nínú kóòdù. Ojú ẹ̀rọ nìkan ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ sì kọ ọ́ dáadáa níbẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé.

Kọ̀ǹpútà tó ń ta

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni minimax: kọ̀ǹpútà á gbìyànjú ilé mẹ́fà tó lè ta, á wo ohun tí ẹ lè fi fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tún wo èsì tirẹ̀. Bó bá wo títa 4 síwájú, ipò ìkẹyìn tó máa yẹ̀ wò kò ju 1,296 lọ. 6 síwájú, 46,656. 8 síwájú, 1,679,616. Mẹ́rin tó fún ọ̀pẹ tí kò mọ ayò ta, mẹ́fà á fún ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta níṣòro díẹ̀. Alpha-beta, ọgbọ́n tó ń fo ọ̀nà tí kò lè yí èsì padà, á gé púpọ̀ kúrò níbẹ̀. Òdiwọ̀n tó rọrùn ni iye tí kọ̀ǹpútà ti jẹ, kí ẹ yọ iye tí ẹni kejì ti jẹ kúrò. Orí láàpútọ́ọ̀pù 4GB yẹn ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe orí èyí tó lágbára jù.

Àṣìṣe tí kò yé ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ń ronú, ọpọ́n gidi sì ń yí padà lójú yín. Àkójọ nínú GDScript kì í ṣe ẹ̀dà nígbà tí ẹ bá gbé e fún func. Ohun kan náà ni. Gbogbo ìgbìyànjú inú orí kọ̀ǹpútà á wá máa ṣẹlẹ̀ lórí ọpọ́n tí ẹ ń ta. Ẹ lo opon.duplicate() kí ẹ tó gbìyànjú títa kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì gbàgbé àkójọ iye tí wọ́n ti jẹ. Ẹ tún jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ mi púpọ̀, tó sì yẹ kó wọ ìròyìn yín. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi àgbájọ kọ̀ǹpútà yanjú awari, ìbátan ayò tó ní ilé 12 àti ọmọ 48. Ipò 889,063,398,406 ni wọ́n yẹ̀ wò pátápátá. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Eré tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi jìn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò sí ohun tuntun mọ́. Àtúnṣe nìkan. Bí ẹnì kan bá dé pẹ̀lú àbá tó dára, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ "ohun tó kù" nínú ìròyìn, máàkì wà fún ìyẹn náà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú Godot lè kú nínú export. Windows kò mọ ìyàtọ̀ láàrin Opon.png àti opon.png, ṣùgbọ́n export mọ̀ ọ́n. Kóòdù tó pe èkíní nígbà tí fáìlì ń jẹ́ èkejì kò ní rí àwòrán rẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà kékeré sọ gbogbo orúkọ. Ohun tí ẹ bá ń tọ́jú, bí àkọsílẹ̀ ẹni tó borí, user://, àyè tí Godot yà sọ́tọ̀ fún un, ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Fódà iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀, res://, kò ṣeé kọ sí lẹ́yìn export. Bí ẹ kò bá tan Embed PCK, fáìlì méjì ló máa jáde, .exe àti .pck, ẹni tó bá sì gbé .exe nìkan lọ fún olùkọ́ gbé agolo òfìfo lọ. Windows máa kìlọ̀ pé òun kò mọ ẹni tó ṣe géèmù yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú README pé kí olùkọ́ tẹ More info, kó tẹ Run anyway.

Ojú ẹ̀rọ 1280×720, stretch mode canvas_items, aspect keep: ìyẹn kò ní bàjẹ́ lórí projector èyíkéyìí. Kí lẹ́tà tóbi tó ohun tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè kà. Géèmù á wà lórí fláàṣì méjì àti láàpútọ́ọ̀pù méjì tó ti gba iná kún, pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú méjì tó fi hàn pé ó ṣiṣẹ́.

Ìfihàn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, odidi ayò kan kò sì ní parí láàrin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí F1 gbé ọpọ́n ìdánwò yẹn wá, èyí tí ilé 5 ní 3, kí olùkọ́ fojú ara rẹ̀ rí i bí ọmọ 7 ṣe di jíjẹ lẹ́ẹ̀kan. Kí F2 gbé ti odù 12 wá. Kí F3 gbé ipò tó ku títa kan kí ẹnì kan borí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á dé, ẹni tí olùkọ́ sì máa ń bi kì í ṣe ẹni tó kọ apá yẹn. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹni tó yàwòrán ṣàlàyé func ta fún àwọn yòókù lórí pátákó, kí ẹni tó kọ minimax sì ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń dún.